Ta Ló Jàre Nínú Ọ̀rọ̀ Òṣùpá?

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé Ìyá mi ń ròyìn ilé fún yín nínú àdúà wọn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, nítorí náà mi ò ní tún èyí tí wọ́n ti sọ sọ. Ẹ ti gbọ́ pé mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ ti gbọ́ pé ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà ń jò, pé Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ń bọ̀ wá pààrọ̀ páànù, a ṣì ń retí wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, Ìyá mi ò lè mọ̀ ọ́n sọ tó mi. Ọ̀rọ̀ òṣùpá ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti Bàbá Sífáwù, ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ̀yin méjèèjì yìí sì rèé! Ìgbà tí mo gbọ́njú ni mo ti bá iyàn yẹn nílẹ̀. Ẹ ó ti rán fìlà láti àárọ̀ ní Ọjà'ba, máṣíìnì tiyín àti tiwọn ní fàràńdà kan náà. Ẹ ó kírun Màgàríbì, ẹ ó wá gun Òkè Màpó lọ gba atẹ́gùn, ẹ ó tilẹ̀ gbàgbé abẹ́rẹ́ tí ẹ fi há etí fìlà orí yín. Èmi ni mo máa ń gbé ẹní tẹ̀lé yín. Bó bá ti jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí òṣùpá máa yọ roboto, mo ti mọ ohun tó kàn. Á yọ lẹ́yìn àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, á pupa, á fẹ̀ bí agbada tí wọ́n fi ń dín àkàrà. Ẹ ó ní kí gbogbo ayé wá wò ó, pé ó tóbi ju èyí tó máa ń wà lókè lọ, pé ńṣe ló kọ́kọ́ sún mọ́ wa kó tó gòkè. Bàbá Sífáwù á ní irọ́ ńlá, ọ̀kan náà ni. Wọ́n á ní bó bá ń kéré bó ṣe ń gòkè, ibo ni èyí tó ń gé kúrò lára rẹ̀ ń já bọ́ sí, ta ló sì ti he é rí? Ẹ ó ní ojú wọn ti ń fọ́. Wọ́n á ní fìlà yín ò gba orí èèyàn, orí ọmọ adìyẹ ló gbà. Màá rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn mí.

Ẹnì kankan ò gbà fún ẹnì kejì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Iléèwé girama ni mo ṣì wà nígbà tí àìsàn yẹn gbé yín dè. Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Láti ìgbà náà, Bàbá Sífáwù ò gun Màpó mọ́. Nígbà tí mo wálé fún họlidé, Ìyá Sífáwù wá bá Ìyá mi, ẹkún ni wọ́n ń sun. Wọ́n ní ọkọ àwọn kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Oúnjẹ ò wọ̀ wọ́n lọ́nà ọ̀fun. Ohunkóhun tí èèyàn bá sọ, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá sì dárúkọ òṣùpá, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ jàre, òṣùpá tóbi, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi àwọn sílẹ̀. Bàbá mi, àyà mi já. Bàbá Sífáwù kẹ̀? Ẹni tó lè bá òjò jiyàn pé kò rọ̀? Mo ti sin bàbá kan, mi ò fẹ́ sin ìkejì.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí mísì tó ń kọ́ wa ní jógíráfì fi hàn wá. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin kọ́ lẹ jàre. Ẹ mú ẹ̀wà kan ṣoṣo sáàárín ìka méjì, kí ẹ na apá yín tán, kí ẹ di ojú kan. Ẹ̀wà yẹn á bo òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bó bá gòkè, ẹ̀wà kan náà á tún bò ó bákan náà. Ojú wa ló ń tàn wá. Nígbà tó wà nítòsí òrùlé àti igi, ojú á kó gbogbo wọn pọ̀, á sọ ọ́ di ńlá. Bó bá dá nìkan wà ní àárín òfuurufú, tí kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dà bíi pé ó kéré. Mísì ní àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ṣì ń jiyàn lórí ìdí tí ojú fi ń ṣe wá bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn.

Èrò mi ni pé bí Bàbá Sífáwù bá mọ̀ pé àwọn làwọn jàre, ara wọn á yá. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi tẹ̀ lé mi gun òkè. Òṣùpá yọ, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Mo fún wọn ní ẹ̀wà, wọ́n di ojú kan, wọ́n wò ó. A jókòó, a kírun Ìṣáì lórí ẹní, òṣùpá sì ti gòkè dáadáa. Wọ́n tún wò ó. Mo bá kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé èmi ọmọ yín bá yín gbà fún wọn, pé àwọn ni wọ́n jàre.

Mo ń retí kí wọ́n fò sókè. Omi ló ń bọ́ lójú wọn, Bàbá mi. Wọ́n bi mí pé ta ni kí àwọn wá sọ ọ́ fún báyìí. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo tí àwọn fẹ́ kó gbọ́ ló ti wà nínú ilẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ẹ̀yin ò gbà fún àwọn rí láyé, èmi ọmọ yín wá gbà lẹ́ẹ̀kan náà wẹ́rẹ́, pé àṣé ìsinsìnyí gan-an ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Kí ni ẹ̀ bá ṣe ká ní ẹ̀yin ni?

Èmi dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo gba ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn, mo sọ ọ́ sísàlẹ̀ òkè. Mo ní mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo ní ẹ̀wà yẹn ti wú, kì í ṣe ẹ̀wà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, àti pé ojú tí wọ́n dì gan-an ló ríran, èyí tí wọ́n là ò rí nǹkan kan. Òṣùpá tóbi! Bàbá mi rí i, èmi náà rí i!

Wọ́n yíjú wò mí. Wọ́n ní ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wa níléèwé nìyẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún kù. Wọ́n ní háà, ọmọ yìí! Wọ́n gbá itan wọn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n to àwíjàre sílẹ̀, èmi náà to irọ́ tèmi sílẹ̀, ohùn wa ń ròkè, àwọn tó ń kọjá dúró ń wòran. Ọkùnrin kan gbè wọ́n lẹ́yìn, obìnrin kan gbè mí. Bàbá Sífáwù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọn ò dákẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n ní ebi ń pa àwọn, kí n rìn kíá.

Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ nígbà yẹn? Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, tí ẹ kàn fẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín máa bá yín sọ̀rọ̀ títí dé ilé? Èmi ti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, mo sì ti fi ojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà fún wọn láéláé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín dọ́ba, tí ohùn rẹ̀ ti há.