Bí Táńkì Bá Kún, Ilé Yá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin
Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí wọ́n ti tì wá mọ́ ibùdó epo rọ̀bì nítorí àrùn. Ọkọ̀ ojú omi ò wá ra epo mọ́, kànga ò sì dákẹ́. Mo gun òkè, mo ju tépù sínú, mo wọ̀n ọ́n: táńkì mẹ́fà nínú mẹ́jọ ti kún. Tí mẹ́jọ bá kún, iṣẹ́ parí, gbogbo wa á gba ilé lọ. Àwọn yòókù ń gbàdúrà kí ọkọ̀ dé. Èmi? Kó má dé o! Ìparí oṣù yìí ni ìyàwó mi, Tíṣà mi, máa bímọ. Ó kúkú ń gbowó oṣù ìjọba, ebi ò ní pa wá. Olúwa, foríjì mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án
Epo inú táńkì keje ti fi mítà kan gòkè! Mo jó lórí àkàbà. Wòlíì rí mi — ẹlẹgbẹ́ mi tó máa ń sọ iye tí epo máa jẹ́ lọ́la, tí kì í ṣẹ. Mo ní eré ìdárayá ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá
Keje kún. Ha!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún
Rédíò ní lókè òkun lánàá, ẹni tó ní epo ló ń sanwó fún ẹni tó máa bá a gbé e. Wòlíì ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ gbuu! Mo rẹ́rìn-ín títí okùn ìbòmú mi fi já. Mínísítà náà sọ̀rọ̀: owó epo ni ìjọba fi ń sanwó oṣù, kí àwọn tíṣà ṣe sùúrù. Ṣé sùúrù ni wọ́n á sè jẹ? Mo pe Tíṣà mi. Ó ní kí n má ronú, ọmọ ń tàpá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Kẹjọ kún dẹ́nu! Wọ́n ti kànga pa. Wòlíì ń sunkún, èmi ń di báàgì, mò ń súfèé — ilé làbọ̀ sinmi oko. Ni Ìbòmú-Méjì, ọ̀gá wa, bá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní gbogbo ènìyàn ń lọ, àfi ẹnì kan tó máa ṣọ́ táńkì. Owó oṣù rẹ̀ á pé, àmọ́ onítọ̀hún ò ní kúrò níbí títí ọkọ̀ á fi dé. Ó ní èmi ni òun mú, torí nígbà tí àyà gbogbo wọn ń já, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní akọni ni mí. Akọni! Ẹ̀rín ló kó bá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta
Mo fẹ́ kọ̀. Tíṣà mi ò gbà. Ó ní, "Olówó orí mi, fọwọ́ sí i. Ọmọ kì í jẹ ẹ̀rín." Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n
Obìnrin ni! Ìyá ìyàwó mi gbé fóònù sún mọ́ ọn, mo gbọ́ igbe rẹ̀ ketekete. Màmá bi mí pé ìgbà wo ni mo máa wá gbé ọmọ. Mo ní láìpẹ́. Mo wá sáré yí táńkì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ po, mò ń pariwo pé mo ti di bàbá, mo ti di bàbá! Kò sẹ́ni tó kí mi kú ewu.