Ohun Tí Ojú Mi Sọ fún Àbẹ̀kẹ́

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Bí Bàbá Alágbẹ̀dẹ tí a sin lóṣù tó kọjá bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, wọn á ti sọ fún yín pé mo fi pàṣán lé ọmọ ọlọ́mọ wọ igbó. Irọ́ ni. N kò na Àbẹ̀kẹ́. N kò tilẹ̀ la ẹnu. Ojú ni mo fi wò ó.

Ẹ ò mọ̀ pé mo ti di tíṣà. Ìwé di ọ̀fẹ́, ọmọ ya bo ilé ìwé, tíṣà kò tó, ni wọ́n bá gba àwa tí a kò lọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ rí. Abúlé kan lọ́nà Ṣakí ni wọ́n gbé mi lọ, kíláàsì kìíní ni wọ́n fún mi. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ náà jókòó, wọ́n á dìde kí mi. Bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni wọ́n á máa wò. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á sáré lọ kó aṣọ ìyá wọn nílé.

Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n wá pàṣán. Mo kọ̀. Ẹ mọ̀ pé orí mi le. Ẹ̀yin ò nà mí rí, mo sì gbọ́ràn. Tí ẹ bá ti wà nídìí òfì, ọwọ́ yín dí, ẹsẹ̀ yín dí, òwú wà lẹ́nu yín. Ojú nìkan ló kù tí ẹ fi ń bá mi wí. Mo rò pé gbogbo ọmọ ló gbọ́ èdè ojú yẹn. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ nǹkan sójú pátákó, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú, mo wò ó. Kó dákẹ́ ni mo ní lọ́kàn. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó jáde. Mo rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀ ni. Kò padà wá. Nígbà tí a jáde ilé ìwé, kò sí nílé wọn. Gbogbo abúlé tú sí ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ilé ìwé. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó rí i nídìí igi irú níbẹ̀, síléètì rẹ̀ lórí itan.

“Kí lo ń ṣe níbí?” Ìyá rẹ̀ ti ń sunkún.

“Tíṣà ní kí n jáde. Wọn ò tíì pè mí.”

Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tiwọn nìyẹn. Bí bàbá rẹ̀ bá wò ó bẹ́ẹ̀, yóò jáde, kò sì ní wọlé àfi tí wọ́n bá pè é.

Àwọn kan ní kí wọ́n lé mi. Mo wá ń fi ìka ka àwọn tó dúró tì mí: ọ̀gá, tíṣà kíláàsì kejì, baálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ fúnra wọn fà á lọ́wọ́ wá. “Tíṣà, ojú yín yìí mà le o! Ẹ fẹnu sọ̀rọ̀, ẹ kúkú ò yadi.” Bí ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́yìn mi, mo dá kíkà dúró.

Mo bi àwọn ọmọ náà pé kí ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ń sọ nílé wọn. Ọ̀kan ní kí òun lọ bomi. Ọ̀kan ní kí òun má jẹ ẹran àlejò. Ọ̀kan ní bàbá òun fẹ́ rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú. Báyìí, ẹnu ni mo fi ń sọ gbogbo ẹ̀: jókòó, dákẹ́, na ọwọ́ sókè kí o tó sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dákẹ́, n kì í mọ̀ bóyá ó yé wọn ni tàbí ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó yé mi?

Mo bi yín nítorí àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ kú. Mo gbé ògì wọlé, ẹ wò mí, ẹ rọra mú ìpéǹpéjú wálẹ̀. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí òfì, kí n jáde lẹ ń wí. Mo jáde. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí Ìyá fi figbe ta nínú yàrá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi yangàn pé mo gbọ́ràn sí yín dópin. N kò mọ̀ mọ́. Ṣé kí n jáde lẹ wí, Bàbá, àbí kí n dúró tì yín?

Èmi ni, ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.