Ìgò Tó Ń Dákẹ́ Fún Dókítà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Aláròyé ò sinmi. Orúkọ tí mo sọ ìgò omi tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi nìyẹn. Páìpù gba ìhà ọkọ mi jáde wọ inú omi náà. Bó bá ti mí, omi á hó kutukutu. Dókítà Jẹ́jẹ́ — ohùn rẹ̀ kì í ròkè — ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí wọ́n gé apá ẹ̀dọ̀fóró tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n rán ẹnu ọ̀nà èémí ibẹ̀ pa. Ojú ibi tí wọ́n rán náà ló là. Afẹ́fẹ́ ń jò sínú àyà rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Wọ́n gba ọ̀fun wọlé, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà. Bí kò bá mú, wọn á tún la àyà rẹ̀, wọn á fi ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Alágídí, ọkọ mi, kọjú sógiri. Ó ní òun ò tún wọ yàrá iṣẹ́ abẹ mọ́ láéláé.

Ọjọ́rú, 6
Ó ṣì ń hó.

Ọjọ́bọ̀, 7
Omi dákẹ́! Dókítà ní kó wúkọ́, ó wúkọ́, omi ò mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀: "Ìyàwó wa, orí wa ò gbàbọ̀dè." Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo tún gbọ́ kutukutu. Alágídí ní etí mi ló ń tàn mí. Etí mi kẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Dókítà wọlé — dákẹ́. Dókítà jáde — kutukutu. Irú gọ́ọ̀mù wo ló ń bẹ̀rù dókítà? Òógùn sì bo Alágídí. Mo ká aṣọ ìbora. Ó ti ṣẹ́ páìpù po, ó fún un mọ́ ọwọ́ pinpin.
Inú bí mi, ẹ̀rù bà mí. Ó ń bẹ̀ mí, ọkùnrin tí kì í bẹ̀bẹ̀. "Bí wọ́n bá tún mi là, mi ò ní jí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo ní bí wọ́n bá yọ páìpù nígbà tí ihò ò tíì dí ńkọ́? Afẹ́fẹ́ á há sáyà, á fún ẹ̀dọ̀fóró tó kù pa. Ó ní Ọlọ́run á dí i. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ yọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Mi ò tíì sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gbálẹ̀ dè é. Bí mo bá sọ, tó kú sábẹ́ ọ̀bẹ, èmi ni mo pa á. Bí mo bá dákẹ́, èmi náà ni. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Ọjọ́ Ajé, 11
Dókítà mú sísọ́ọ̀sì. Alágídí ń wò mí. Mo fa aṣọ ìbora kúrò lójú gbogbo wọn. Dókítà Jẹ́jẹ́ ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára páìpù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó.
Ọkọ mi ní, "O ti pa mí."

Ọjọ́rú, 13
Ó fọwọ́ síwèé níkẹyìn, wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.
Ó jí. Ó jí o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26
Ihò ti dí pátápátá. Wọ́n yọ páìpù lánàá, ó ń mí wọ̀ọ̀. Dókítà sọ ọ́ létí rẹ̀ pé ká ní àwọn yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ni kò ní kú. Ó gbọ́. Kò wò mí.
Mo di ẹrù rẹ̀, mo bi í pé aṣọ wo ló máa wọ̀ relé. Ó ní kí n kó wọn fún ẹ̀gbọ́n òun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun ń lọ. Láti ọjọ́ tó ti ní mo pa òun, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn.