Àga fún Ọjọ́ Kan

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje

Dókítà ní kí n máa kọ nǹkan díẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe nítorí ọpọlọ o — nítorí ọwọ́. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ní ọwọ́ ọ̀tún mi ti kú bí igi. Mo fi abẹ́rẹ́ gún wọn, n kò mọ̀. Ó ní iṣan ọrùn ọwọ́ ló há, irun dídì ọdún méjìlélógún ló fà á. Kí n sinmi irun dídì. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kálámù rẹ̀, kálámù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Juvénal ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Parakou. Bí mo bá sọ fún un, gbogbo ìdíkọ̀ ti gbọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo ní àtẹlíyé, ilé ìdirun, lẹ́bàá títì. Àga mẹ́ta, dígí ńlá kan, kásìkì kan tí a fi ń gbẹ irun. Èrò náà wá sí mi lọ́kàn nínú Máàsì (Ọlọ́run dárí jì mí): màá máa fi àwọn àga náà yáni lójoojúmọ́. Onídìrí tí kò ní ibi iṣẹ́, kí ó wá lo tèmi, kí ó sanwó ọjọ́, kí ó máa lọ. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé, màá ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Cotonou. Mo ti di dirẹkitíríìsì, ìyá ọ̀gá.

Ìṣẹ́gun, 22

Mo kọ ọ́ sára pátákó. Ó gbà mí ní wákàtí kan, lẹ́tà ń ṣubú lu ara wọn: ÀGA WÀ FÚN ỌJỌ́ KAN.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé: ọkùnrin kan láti abúlé Tré. Ó fẹ́ igba àga àti àtíbàbà, ìsìnkú bàbá rẹ̀ ti sún mọ́. Mo ní mẹ́ta ni mo ní. Ó yọjú wo inú ilé. Ó ní, “Mẹ́ta? Àwọn opó nìkan jẹ́ mẹ́rin.” Ó bínú lọ.

Mo fi “ONÍDÌRÍ” kún pátákó.

Ọjọ́bọ̀, 24

A rí ẹnìkan! Mùbárákà, ìyàwó Ràmọ́nù tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà. Ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń dirun. Ó ní ẹsẹ̀ oníbàárà máa ń wọ ìkòkò. Àga abẹ́ fèrèsé ló fẹ́, pẹ̀lú aṣọ ìkélé, kí àwọn obìnrin tó ń borí lè ṣí orí láìsí ojú ọkùnrin níbẹ̀. Mo gbé aṣọ ìkélé yàrá mi wá, mo fi kọ́ síbẹ̀.

Kì í sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tán. Kì í wo ojú mi, ó ń tijú. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀! Orí kan, kí n tó mu ife omi kan, ó ti dé ìpàkọ́. Inú ìwé yìí nìkan ni màá ti máa pè é ní Ìka-Iná.

Ẹtì, 25

Mo fọwọ́ kan orí oníbàárà Ìka-Iná. Mo di ìlà kan, mo kàn fẹ́ fi ọ̀nà kan hàn án ni. Ó tú u.

Àbámẹ́ta, 26

Ẹni kejì dé, ọkùnrin ni: Hervé. Èékánná, ìpéǹpéjú, àtíkè, gbogbo ohun tí kì í ṣe irun. Ó wọ́ àpótí onítáyà wọlé bí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù. Faransé imú ló ń sọ. Ó ní àwọn oníbàárà òun ní “la capitale”, olú-ìlú… Ọmọ Tré ni. Mo mọ ìyá rẹ̀, iṣu ló ń gbìn. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí: Pari, bí ìlú Faransé.

Ó tan fìtílà tó fi ń gbẹ èékánná. Kásìkì náà wà lórí iná. Iná já. Oníbàárà Ìka-Iná jáde lábẹ́ kásìkì, apá ọ̀tún orí gbẹ, apá òsì ń ro. Ó bi Pari bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní la capitale nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jáde síta. N kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 28

Ìpàdé. Pari ló pè é, ó mú bébà wá. Òfin àtẹlíyé. Ọ̀kan: fìtílà èékánná àti kásìkì kò gbọdọ̀ jọ tàn. Èkejì: ẹni tó bá fẹ́ àga, kí ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣáájú. Ẹ̀kẹta: a kì í kọjá aṣọ ìkélé láìkọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó dára, gbogbo rẹ̀ dára.

Ẹ̀kẹrin: ẹni tó ni àtẹlíyé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí oníbàárà ẹlòmíràn.

A dìbò. Méjì sí ọ̀kan.

Ọjọ́rú, 30

Mo jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ń gba Ìka-Iná nímọ̀ràn láti ojú fèrèsé. Wọ́n ti fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Wàhálà. Lẹ́yìn Máàsì, Ẹ̀gbọ́n Félicité dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin wa, ohùn rẹ̀ ń dún dé orí òkè (mo ń pè é ní Agogo). Ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́fà. Ọdún méjìdínlógún, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn dirun òun. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń gbéyàwó ní Bohicon, ó gbé mi lọ síbẹ̀ nítorí orí kan ṣoṣo.

Ó ní òun ni yóò dá orin ní Arigbo, níbi ihò àpáta Màríà, lọ́jọ́ ìrìn-àjò mímọ́. Níwájú gbogbo èrò yẹn. Ó ní, “Rébecca, ọwọ́ rẹ ni orí mi wà o. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá, aago mẹ́sàn-án.”

Ẹnu mi ní, “Kò sí wàhálà, Ẹ̀gbọ́n.”

Ẹnu yìí! Ta ló rán an níṣẹ́?

Ìṣẹ́gun, 5

Mo gbé orí rọ́bà tí mo fi ń kọ́ni níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo di ìlà mẹ́fà. Wọ́n wọ́ bí ọ̀nà Tré lẹ́yìn òjò. Pari yọ sí mi lójijì. Ó yí orí náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. “Tàntí, àrà tuntun nìyí?”

Kí ni kí n sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni wọ́n ń pè é. Mo gbójú sókè, mo rí òkè. Mo ní, “Ọ̀nà-Òkè.”

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí Wasápù.

Ẹtì, 8

Ọmọbìnrin mẹ́ta ti wá béèrè Ọ̀nà-Òkè! Èyí tó ń jẹ́ Carine wá láti Savalou. Ìka-Iná kò mọ̀ ọ́n dì. Ìka rẹ̀ kò lè di ohun tó wọ́. Ó ń wo fọ́tò, ó ń tú, ó ń tún un dì, òógùn bò ó. Nígbà tó yá ó jáde wá bá mi lábẹ́ máńgòrò, ó kúnlẹ̀: “Tàntí, ẹ jọ̀wọ́, níbo gan-an ló yẹ kí ó ti yà?”

Mo fi ìka tó yè hàn án. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Àbámẹ́ta, 9

Ìlà méjìlá lónìí. Kò sí èyí tó tọ́. Òyà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Ọjọ́rú, 13

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Agogo dé ní aago mẹ́sàn-án gééré, ìwé orin lábẹ́ apá. Kò sí àga. Àwọn àlejò Arigbo ti ń kún ìlú, ènìyàn márùn-ún ń dúró de Ìka-Iná, Pari sì ti gba àga méjèèjì yòókù, ọ̀kan fún èékánná, ọ̀kan fún ojú. Mo ní kí ó kúrò nínú ọ̀kan. Ó ní òfin kejì: ọjọ́ kan ṣáájú. Nínú àtẹlíyé mi! Mo ní orúkọ mi ló wà lókè ẹnu ọ̀nà. Ó ní òótọ́ ni, Tàntí, ṣùgbọ́n òun ló ti sanwó òní. Òun lè fi ọ̀kan yá mi di ọ̀sán.

Mo sanwó àga ara mi fún ọmọ Tré.

Agogo jókòó. Ó ń kùn orin rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Mo ya irun. Òyà bọ́. Mo gbé e, mo di ìlà kìíní. Ó wọ́ díẹ̀. Mo di èkejì, ó sá lọ bá ìkíní. Òyà bọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá kí ó má bàa kíyè sí i: ìyàwó Bienvenu tó sọ fún ọkọ pé òun ń lọ sí Arigbo tí wọ́n sì rí i lọ́jà Glazoué, ewúrẹ́ tó wọ ilé Fadá tó jẹ ìwé ìrìbọmi. Agogo ń rẹ́rìn-ín. Wákàtí kan ààbọ̀ kọjá. Ìlà mẹ́rin. Òógùn ń kán sí i lọ́rùn, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kí ó rò pé omi ni.

Òyà tún bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e fúnra rẹ̀. Kò dá a padà fún mi. Ó ní jẹ́jẹ́, “Ó tó, Rébecca.” Ó wá kọjú sí aṣọ ìkélé, ó pàtẹ́wọ́ bí òfin ṣe wí. “Mùbárákà, tí o bá ti ṣe tán, wá gba orí mi bí o ṣe máa ń gbà á.”

Mo ní, “Bí ó ṣe máa ń gbà á?”

Pari di búrọ́ọ̀ṣì mú sókè, kò mọ ibi tó máa fi sí.

Láti Kérésìmesì ni. Bí Agogo bá ti kúrò lọ́dọ̀ mi, yóò fi gèlè borí, yóò gun zémìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí ilé ìdáná Ràmọ́nù. Ìka-Iná yóò tú gbogbo rẹ̀, yóò tún un dì. Oṣù méje! Mo ti ń rí orí yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú, mo ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo bí ìlà ṣe gún.

Mo bọ́ apírọ́ọ̀nù. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Ọjọ́bọ̀, 14

N kò lọ. Mùbárákà ní kọ́kọ́rọ́, kí ó ṣílẹ̀kùn. Ó mọ ilé ìdáná, ó mọ àtẹlíyé, kí ó wá gba ilé mi pẹ̀lú.

Mo jókòó, mo ń ka àwọn oníbàárà mi tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bá a. Isabelle. Léa. Ìyá Claudia… Olúwa ò! Ìyá Claudia máa ń fún mi ní ẹyin lé owó lórí!

Ẹtì, 15

Ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà. Mo ti Máàsì dé nígbà tí Mùbárákà wọlé, ó gbé àkàsà àti ẹja dání. Ó kúnlẹ̀, kò dìde. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ sọ èyí tó pọ̀ ju ti oṣù kan lọ.

Ó ní ènìyàn mẹ́jọ ni. Ó ní òun kò pè wọ́n, àwọn ló wá. Ó ní bí òun bá ti ń tú irun tí mo dì, bí ẹni ń jí ẹran ìkòkò aládùúgbò ló ń rí lára òun. Òun ti mọ̀ nípa ọwọ́ mi ṣáájú Dókítà, nítorí irun ń sọ̀rọ̀: ìlà ń rọ̀ ní apá ọ̀tún. Nígbà tí òun wá rí pátákó mi, òun ní ó tán, òun á wá sanwó àga. “Kí n lè máa wò yín lójú, Tàntí. Ṣùgbọ́n mo dé ọ̀hún, ojú kò tún ṣeé wò.”

Mo ń bínú. Mo fẹ́ máa bínú lọ. Ṣùgbọ́n ó ti kúnlẹ̀ pẹ́, ẹja ń tutù. Mo ní kí ó dìde ká jẹun. A jẹun. Mo béèrè bóyá ìlà Ìyá Claudia burú. Ó ronú. Ó ní, “Ó burú, Tàntí.”

Ọjọ́ Àìkú, 17

Arigbo. Èrò bí èèrà, oòrùn, àbẹ́là, ọmọ tó sọnù, ọmọ tí wọ́n rí. Ẹ̀gbọ́n Félicité dá orin, ohùn náà gun àpáta lọ. Mo wo orí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo wá ibi tí mo lè bú. Kò sí.

Obìnrin kan láti Savè fọwọ́ tọ́ mi. Ó ní ta ló di orí akọrin yẹn, ó dà bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Ó ṣeé parọ́. Ta ni yóò mọ̀? Ẹnu mi tiẹ̀ ti ṣí.

Mo ní, “Mùbárákà. Àtẹlíyé mi lẹ́bàá títì. Béèrè àga abẹ́ fèrèsé.”

Ọjọ́ Ajé, 18

Mo padà sí ibi iṣẹ́. Pari gbé àga síta fún mi lábẹ́ máńgòrò, ó tilẹ̀ nù ún.

Aago mẹ́wàá, Ẹ̀gbọ́n Félicité wọlé. Irun ọjọ́ márùn-ún, kò tíì yẹ ní títú. Ó jókòó sórí àga tó dojú kọ dígí. Mo wọlé tẹ̀ lé e, mo dúró. Mo bi í ní èyí tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Ọjọ́rú: bí irun tí mo ń dì bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń wá wá láti Kérésìmesì?

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. “Irun nìkan ló ń gbé mi wá? Mùbárákà ń dirun, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta, ‘bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá.’ Ta ni yóò sọ ti ìyàwó Bienvenu fún mi?”

Pari wúkọ́. Ó ní ẹ má bínú, Màmá, ẹni tí kò bá ṣe nǹkan sí irun tàbí èékánná kò lè gba àga, ọjọ́ kan ọjọ́ kan ni a ń yá a. Agogo ṣí pọ́ọ̀sì. Ó sanwó àga fún odindi ọjọ́. Ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ní kí n fa àga máńgòrò wọlé.

Mo fà á wọlé. Mo jókòó tì í.

Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gbé e lé orí itan rẹ̀. Ó ní, “Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà wo ni ìka àkọ́kọ́ kú?”

Mo sọ ọ́. Abẹ́rẹ́, Dókítà, orí rọ́bà ní ẹ̀yìnkùlé, irọ́ Ọ̀nà-Òkè. Pari kígbe nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn. Agogo rẹ́rìn-ín, ó sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Mùbárákà pàṣẹ láti inú ìkélé pé kí Pari kọjú sí ògiri. Ó wá fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun àti oníbàárà rẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.