Ìyẹn Kọ́ Ni Mo Ń Pè Ní Òfò

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Àbẹ̀kẹ́ ìyá rẹ kú ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2017, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ṣebí ìwọ lo ra pósí. Abdulganiyu tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ló ní bẹ́ẹ̀ ni ká ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí o fi han àwọn oníìnṣọ́ránsì, àti pé ní kóòtù tí òun ti ṣe akọ̀wé fún ọgbọ̀n ọdún kí òun tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó kú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó dáa. A ti dárúkọ rẹ̀. Jẹ́ ká wá kí ara wa bí ọmọ èèyàn.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Débọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọyẹ́ Àbújá ńkọ́? Ti Kàdúná níbí ti la ètè mi débi pé mi ò lè súfèé mọ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí wáyà tí iná ò fi gbé e, yóò máa ṣọ́ ọ. Àga tí o bá jókòó lé ní ọ́fíìsì kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Ọ̀gá rẹ kò ní rántí orúkọ rẹ àyàfi fún oore. Àmín. Abdulganiyu náà ti ṣe àmín, ó sì fi ti Lárúbáwá kún un, mi ò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó gùn.

Ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ti ń yọ òdòdó. Adìẹ funfun tí o mọ̀ yẹn ti kú, mi ò sunkún. Kò sí ìròyìn mìíràn, àfi pé ilé búrẹ́dì ìyá rẹ jó.

Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló gbé ẹyín iná kan lẹ́nu ààrò, ó gbé e lé àwọn àpò fúláwà, kí n tó ní kí ló ń rùn, iná ti mú òrùlé. Mo bẹ Dinah nọ́ọ̀sì, aládùúgbò wa, pé kó má pè ọ́, torí mo mọ̀ pé ẹkún lo máa sun dé Kàdúná. O sì máa bi mí pé fóònù tí o rà fún mi ńkọ́. Ó wà nínú páálí rẹ̀, mi ò jẹ́ kí eruku kàn án.

Àwọn panápaná dé nígbà tí kò sí ohun tó kù láti pa. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n kí mi dáadáa. Mo ní kí wọ́n bá mi da omi wọn sínú dúrọ́ọ̀mù, torí omi ẹ̀rọ ò yọ ní Kabala Doki láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá wọn ní omi ìjọba kì í ṣe omi ìfọṣọ. Mo ní ṣé ó fẹ́ gbé e padà lọ bá ìjọba ni? Ó wò mí, ó wò mí, ó dà á. Mo sì fún wọn ní búrẹ́dì, nítorí inú ààrò nìkan ni iná ọ̀hún ò dé. Búrẹ́dì tó wà níbẹ̀ jinná, kò tilẹ̀ pọ́n jù.

Gbogbo àdúgbò ló ń bu omi lọ́jọ́ náà, ọkùnrin, obìnrin, aboyún. Abdulganiyu ńkọ́? Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Dinah, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya àwòrán. Ó ní kí n má jẹ́ kí òun kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́, ṣebí òun ni akọ̀wé. Mo búra pé mi ò ní kí i mọ́ láéláé, mi ò sì kí i fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ló kàn báyìí. O rántí pé mo máa ń fi ìyá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó wà láyé, mo ní èsúsú wo nìyẹn tí èèyàn ń dá tí kò ní kó o àfi tí ilé bá jó? Ó kàn ń dá a lọ. Inú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn ni Dinah ti rí ìwé rẹ̀. Ó kà á, ó ní ti ọdún kan tí ìyá rẹ san kó tó kú ni, oṣù kan péré ló kù kó parí, ó sì pe àwọn tó ni ín lórí fóònù, wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá wo ibẹ̀. Dinah sọ fún mi pé kí n múra de àlejò, ó gba ẹnu iṣẹ́ lọ sí ọsibítù.

Mo sì múra. Ṣé kí Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ lọ́run pé àlejò wá láti Àbújá, ó sì bá ilé iṣẹ́ òun ní dúdú? Mo gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin. A kó gbogbo èédú dànù, a kó páànù tó ká kò, a kó ẹ̀rọ tí ìyá rẹ fi ń po fúláwà tó ti yọ́ bí òrí. A ha ògiri, a kùn ún ní funfun láti òkè délẹ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo fi aṣọ tábìlì bo dúrọ́ọ̀mù, mo se sóbò, mo wọ agbádá ìgbéyàwó rẹ.

Dominic ni orúkọ ọmọ tí wọ́n rán wá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó so táì. Ó kí mi ní Sannu Baba, mo ní Sannu da zuwa. Ó wò yíká, ó bi mí pé ṣọ́ọ̀bù tó jó dà. Mo ní èyí ni. Ó ní rárá, èyí tó jó lòun ń wá. Mo ní èyí náà ni, kó jókòó, kó mu sóbò. Ó mu ife méjì, ó ń wo ògiri bí ẹni tó ṣì ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni mo pàdánù.

Ìwọ náà mọ̀ wá. Láti ọjọ́ tí iná ti jó ni gbogbo ayé ti ń wá kí mi pé ẹ kú ewu, ewu iná kì í pa àwòdì. Kí là ń dá wọn lóhùn? A dúpẹ́, ẹ̀mí ò bá a lọ, kò sí òfò. Ohun tí mo sọ fún Dominic nìyẹn. Ó tún bi mí, mo tún sọ ọ́. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta pé ṣé ó dá mi lójú, mo ní Ọlọ́run má jẹ́ ká rí òfò, mo sì sọ ọ́ ní Hausa kó yé e yékéyéké: Babu asara! Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ka, mo tẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní búrẹ́dì, mo sìn ín dé títì.

Nígbà tí Dinah dé tó gbọ́, ilẹ̀ ló jókòó sí pẹ̀lú aṣọ funfun nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ní Baba, àwọn wọ̀nyí kì í sanwó fún ògiri funfun, èédú ni wọ́n ń sanwó fún! Ó ní kí n tètè lọ bẹ Abdulganiyu, torí inú fóònù rẹ̀ nìkan ni iná náà kù sí.

Mo lọ. Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n kọ́kọ́ san gbèsè ìkíni, ẹ káàárọ̀ mẹ́ta, ẹ káalẹ́ mẹ́ta, ó ń fi ìka kà á bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó sì ní ìkẹrin ò dún dáadáa, kí n tún un sọ. (Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí, aláìlójútì.) Àwòrán mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló yà, iná náà hàn kedere, òrùlé hàn, ẹ̀rọ hàn. Nínú ọ̀kan, mo ń sáré jáde, mo gbé pátákó tí ìyá rẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí mọ́ àyà. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ẹ̀rọ olówó ńlá sílẹ̀ tí mo gbé pákó.

Abdulganiyu ní ímeèlì ló máa gbé àwòrán náà lọ bá Dominic ní Àbújá. Mo ní kó dúró, tó bá jẹ́ pé reluwé tó ń gbéra ní Rigasa ló máa bá lọ, kí n di ẹran kílíṣí mọ́ ọn fún ọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ fóònù, ó ní ó ti dé. Èmi ò gba ohun tó dé láìgbéra gbọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, Dominic padà wá. Ó ní òun ti kọ ọ́ sábẹ́ ìwé tí mo tẹ̀ka sí pé ìkíni ni Baba ń kí òun. Ó mú fọ́ọ̀mù tuntun wá, tó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì wọn kí Ẹtì tó ń bọ̀ tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀kùn ti tì, ilé búrẹ́dì ìyá rẹ ò sì ní dìde mọ́.

Abdulganiyu túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà fún mi. Ó ní kí n búra pé mo ti ṣòfò nǹkan wọ̀nyí, kí n wá ka fúláwà, ṣúgà, yíìsì, ẹ̀rọ, òrùlé. Mo ní mi ò tẹ̀ka. Wọ́n bẹ̀ mí. Dinah fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Abdulganiyu ní orí mi le ju ààrò lọ, ìdí nìyẹn tí iná ò fi ràn án.

Moyọ̀sọ́rẹ, gbọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tì, tí wọ́n ní ká máa lọ sílé lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò sọ pé mo ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ láyé mi, lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ìwọ náà gbọ́. Ṣé ẹnu yẹn kan náà ni mo máa fi pe yíìsì ní òfò? Tí mo bá pe yíìsì bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ pe ìyá rẹ?

Dominic mú ìwé inú agolo mílíìkì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó bi mí pé ta ní ń jẹ́ Moyọ̀sọ́rẹ. Ìyá rẹ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí òun ò bá sí, ìwọ ni kó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èmi. Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo fi ṣe ọkọ rẹ̀! Mo bínú, mo jáde, mo lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò títí ara mi fi rọ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Obìnrin yẹn mọ̀ pé ẹnu mi ò ní lè sọ ọ́.

Dominic ń wọ reluwé padà lọ́la, òun ló máa mú lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù yìí wá, mo sì ti di kílíṣí mọ́ wọn, bí ìwé bá ń rùn ata, má bínú. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe ti ìnṣọ́ránsì, ti jíjẹ ni, torí búrẹ́dì tó bọ́ lọ́wọ́ iná ti tán. Fi ti dátà Abdulganiyu kún un, ó ní ó ti tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí i nígbà tó kún.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹnu tí ilé iṣẹ́ ń gbọ́. Ohun tí o bá tọwọ́ bọ̀ kò ní yí padà lẹ́yìn rẹ. Ọmọ tìrẹ náà yóò gba ọ̀rọ̀ sọ fún ọ lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ bá wúwo. Pátákó náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, má kà á mọ́ ohun tó jó. Gbogbo ìyókù, kà á bó ṣe wù ọ́, pè é ní ohun tí wọ́n bá ní kí o pè é. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ni ìyá rẹ yàn. Ó di ọwọ́ rẹ.

Èmi bàbá rẹ ni mo tẹ̀ka síbí.