Ọkọ̀ Tí A Gbé Sókè ní Nkpor

Ṣọ́ọ̀bù Alágbẹ̀dẹ Ìwó,
Ojú Ọ̀nà Enugu,
Nkpor, lẹ́bàá Onitsha,
Ìpínlẹ̀ Anambra.
14 Oṣù Kẹsàn-án, 1976.

Dáúdà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ààwẹ̀ o, o sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Súlìyát ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá gbogbo àdúgbò jà nítorí ewúrẹ́ wọn? Mo mọ̀ pé wọn ò ní í yé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a gba ààwẹ̀ yìí já, yóò sì gbà á lọ́wọ́ wa.

Ìwọ lo máa ń ka ìwé mi sí ìyá mi létí, nítorí náà tiwọn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Sọ fún wọn pé ara mi le, pé Sìdíkàt ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà dáadáa, pé n kò tíì jẹ ààwẹ̀ kankan. Sọ fún wọn pé Àmínát ti ga tó èjìká ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kí i ní Yorùbá, èdè Ìgbò ló máa fi dáhùn. Kí wọ́n múra láti kọ́ ọ, nítorí à ń bọ̀ wálé kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó dé, gbogbo wa pátá, tẹrù tẹrù. Inú wọn yóò dùn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tí a fi ń kó bọ̀, sọ pé èmi fúnra mi ni màá ṣàlàyé. Ibí yìí ni kí o ti dákẹ́, kí o ká ìwé náà, kí o lọ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í máa wo ojú rẹ.

Okwudili ti kú.

O mọ̀ ọ́n. Òun ni ọkùnrin dúdú gíga tó tẹ̀lé mi wá sí Ìwó nígbà òkú bàbá mi. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó na ọwọ́ òsì sí iyán, Bàbá rẹ gbá a lọ́wọ́ pàà. Òun náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iyán náà títí tí Súlìyát fi ń bi mí ní kọ̀rọ̀ bóyá wọn kì í jẹun ní Onitsha ni.

Ohun tí o kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni ti ìyá rẹ̀. Nígbà tí ogun ń bọ̀, tí èmi àti bàbá mi sá wálé, a kò lè gbé owú bàbá mi, irin wúwo tí à ń gbé irin gbígbóná lé kí a tó lù ú. Ìyá Okwudili ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, tí wọ́n rì í mọ́bẹ̀, tí wọ́n sì gbin ẹ̀gẹ́ lé e lórí. Ogun kó ọmọkùnrin méjì lọ lọ́wọ́ ìyá yìí, síbẹ̀ wọn kò fi owú olówú tọrẹ. Nígbà tí mo padà dé, tí ọ̀pọ̀ ilé Onitsha kò tíì ní òrùlé, Ìyá fúnra wọn ló gbé ọkọ́ tí wọ́n hú u jáde fún mi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní nwa m, ìyẹn ọmọ mi ní èdè wọn. Okwudili nìkan ló kù fún wọn nínú ọkùnrin. Òun àtèmi la jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀: èmi ń rọ irin, òun ń jó irin pọ̀, ó sì ń tún ọkọ̀ ṣe.

Mo ti sọ fún ọ nínú ìwé kan pé ọkọ̀ la ń gbé sókè. O fi mí ṣẹ̀fẹ̀, o ní ṣé ọkọ̀ náà kúrú ni. Ó kúrú lóòótọ́! Owó epo ti dé, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń la ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí ọ̀nà tó di ọ̀nà, ẹrọ̀fọ̀ ni. Láńdírófà tó bá wọ ojú ipa àwọn ọkọ̀ ńlá, ikùn rẹ̀ á jókòó lé èbè àárín, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí lófo. Bí a bá gbé ara ọkọ̀ ga sí i lórí sípíríìnì rẹ̀, ikùn kò ní í kanlẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń ta irú irin bẹ́ẹ̀ ní Main Market, àwa la fi orí ara wa ronú rẹ̀. A kọ́kọ́ fa irin tó so etí sípíríìnì mọ́ ara ọkọ̀ gùn. Ọkọ̀ ga, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí ọ̀mùtí lójú títì. A gbé pákó ìrókò há abẹ́ sípíríìnì, pákó là sí méjì. Ìgbà náà ni Okwudili rántí àwọn ọkọ̀ ogun tó bàjẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí koríko ti bò. Sípíríìnì wọn nípọn. A lọ ń tú u, mo ń fi iná mú un rọ̀, mo ń lù ú, mo sì ń rì í sínú epo kó lè le padà. Ihò ìbọn wà lára ọ̀kan nínú wọn. Okwudili fi ìka bọ ihò náà, ó wá ní kí n gbé e síná. Irin tó wá láti pa wá ló padà ń bọ́ wa, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń wá wa láti Enugu.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọkọ̀ sókè, gbogbo ohun tó so òkè rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn sí i. Èyí tó léwu jù ni okùn bíréèkì, rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a ṣe, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ la ti yẹ̀ ẹ́ wò, okùn náà tó. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan rọ̀ sínú kòtò, okùn le tantan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọlọ́run ló yọ awakọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni a ti ń ra okùn ọkọ̀ ńlá kan tó gùn, tí ẹnu rẹ̀ bá ti Láńdírófà mu, a sì fi òfin lélẹ̀: a óò fi jáàkì gbé ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi rọ̀ dirodiro, a óò wo okùn, lẹ́yìn náà àwa méjèèjì á jọ jókòó sínú rẹ̀, a óò wà á lọ wà á bọ̀ kí ọlọ́kọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Àwa méjèèjì, kì í ṣe ẹnìkan. Okwudili ló mú àbá yẹn wá. Ó ní bí irin wa bá máa pa èèyàn, kó ti orí wa bẹ̀rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni wáyà. Nígbà ogun, ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun tiwọn ló ń tún ṣe. Wọn kò rí nǹkan ọkọ̀ rà, wáyà ni wọ́n fi ń so gbogbo rẹ̀. Bí mo bá bá a wí, á ní, "My brother, na wire carry us cross that war." Kí ni mo fẹ́ wí sí ìyẹn, èmi tí mo wà ní Ìwó tí mo ń jẹ iyán?

Ọ̀gbẹ́ni Dáhùnsí ló ni ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ ikú yìí dá lé, tàbí kí n ní ilé iṣẹ́ tó ń la ọ̀nà níwájú Umunya ló ni ín, tó gbé e fún un. Òjò ti gé ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ há sí òdìkejì. Ó ń wá láàárọ̀, ó ń wá nírọ̀lẹ́, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé aago náà ni yóò bá wa rọ irin. Iṣẹ́ ti parí, okùn bíréèkì gígùn nìkan ló kù. Ó ti tán ní Main Market, ẹni tó ń kó o bọ̀ láti Èkó sì ń sọ pé ọ̀la, ọ̀la. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, mo wẹ̀, mo múra, mo sọ fún Okwudili pé kí ọkọ̀ yẹn má kúrò lórí bíríkì kí n tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní ọmọ ìyá rẹ̀ ní èdè wọn, ó ní, "Go pray, nwanne. God no like latecomer."

Nígbà tí mo dé, bíríkì nìkan ló wà nílẹ̀.

Dáhùnsí ló ránṣẹ́ wá pé òṣìṣẹ́ òun kan ń kú lọ lọ́hùn-ún, kò sì sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Okwudili ní òun á lọ gbé e wá. Kò dúró dè mí. Wọ́n ní ó la ẹrọ̀fọ̀ tó burú jù kọjá, àwọn tó wà níbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó jáde nínú kòtò, tó wá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ni bíréèkì kò mú mọ́. Ọkọ̀ gíga kì í ṣe ohun tí à ń yí lójijì, ó gbókìtì. Okwudili kú síbẹ̀. Wọ́n sì ti fi ọwọ́ gbé aláìsàn náà gba ọ̀nà mìíràn kọjá kó tó dé rárá, ara rẹ̀ ti yá báyìí.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹ̀wù Jímọ̀ lọ́rùn. Irin tí mo rọ kò ṣẹ́, kò sí èyí tó sán. Okùn bíréèkì kúkurú àtijọ́ ló já. Wọ́n ti tú irin kékeré tó dì í mú mọ́ ara ọkọ̀ kó lè rọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n sì fi wáyà so ó. Wáyà tí ọlọ́wọ́ òsì bá lọ́, òdìkejì ló máa ń yí sí. Mo rí i, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Mo tú u, mo fi í sápò. N kò lè sọ ohun tí mo ń rò nígbà náà. Mo ṣáà rò pé kò yẹ kí ojú ẹlòmíràn rí i.

Ilé iṣẹ́ ọ̀nà ní ẹni tó bá jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì, ohun ìní rẹ̀ làwọn máa gbà dípò ọkọ̀. Okwudili ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ó ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Èmi ní owú. Àwọn àgbà ilé wọn pè mí jókòó. Wọn kò pariwo mọ́ mi, ẹni tó bá ní wọ́n pariwo purọ́. Wọ́n ní kí n búra. Bí mo bá fẹ́, kí n gbé Kùránì. Bí mo bá sì fẹ́, kí n fi ahọ́n kan irin bí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe, kí n sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi ló pa ọmọ wọn, àti pé n kò fi ohunkóhun pamọ́ nípa ikú rẹ̀.

Dáúdà, ìdajì àkọ́kọ́ rọrùn fún mi bí ẹni mumi. Ìdajì kejì ni n kò lè fi ẹnu bà, wáyà yẹn wà lápò mi bí mo ṣe jókòó. Nínú oṣù ààwẹ̀, èmi ọmọ alágbẹ̀dẹ, kí n fi irin purọ́? Bí mo bá sì sọ òótọ́, wọ́n á gba ilẹ̀ lábẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì gbọ́ pé ọwọ́ ọmọ wọn ló pa ọmọ wọn. Ìyá jókòó níwájú mi. Wọ́n ní, "Yunusa, nwa m, gwa m." Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn. Mo wolẹ̀. Mo ní n kò ní í búra.

Ẹni tó bá kọ̀ láti búra, kí ni ayé máa pè é? Ìwọ náà ì bá pè é bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà wá kó ẹrù. Wọ́n kó ẹ̀rọ ìjórin, wọ́n kó jáàkì, géńdé mẹ́rin gbé owú bàbá mi sọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Wọ́n pè mí, "Yunusa." Wọn kò fi nwa m kún un. Wọ́n ní bí àwọn bá mọ̀ ni, àwọn ì bá ti jẹ́ kí owú náà jẹrà sínú ilẹ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n sì lọ.

Mo lọ sí etí Odò Ọya, mo sọ wáyà náà sómi. Inú ń bí mi sí Okwudili, Dáúdà. Mo ń bá a jà lọ́kàn lójoojúmọ́: kí ló dé tí kò dúró dè mí? Àdúrà Jímọ̀ ha pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Bí mo bá bá a jà tán, màá tún máa sunkún. Sìdíkàt náà ń sunkún, ó ń bi mí pé kí ni mo ṣe fún wọn, n kò sì lè sọ fún un. Òun àti ìyàwó Okwudili fẹ́ràn ara wọn jù, bó bá rí omijé ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ó máa tú àṣírí náà. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Jọ̀wọ́, bá mi wo àgbẹ̀dẹ bàbá mi bóyá òrùlé ṣì wà lórí rẹ̀. Bá mi kí Bàbá, bá mi kí Súlìyát, bá mi kí gbogbo àwọn tó ń béèrè mi ní mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀rọ̀ yóò ti dé Ìwó ṣáájú mi, nítorí àwọn ará wa tó wà ní Main Market náà ń bọ̀ wálé ọdún. Wọ́n á ní Yúnúsà ló pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì kọ̀ láti búra. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́, o kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bú mi lójú rẹ, o ti lu èèyàn nítorí mi rí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má bá wọn jiyàn.

Èmi ṣì ni tìrẹ,
Yúnúsà Ìyàndá.