Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìyá Àgbà Tí Wọ́n Tì Mọ́lé Nítorí "Ẹ Kú Iṣẹ́"

Àgọ́ Àwọn Afọ́kúta,
Ọ̀nà Òkè-Oyì,
Ṣàngó, Ìlọrin.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1913.

Ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ Àgbà,
Ilé Ìjọba,
Ìlọrin.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ HÙMÚÀNÍ, TÍ WỌ́N NÍ Ó ṢÉPÈ FÚN ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ ÌJỌBA, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ A SÍLẸ̀

Orúkọ mi ni Mọ́rúfù Abdulkadir. Èmi ni olórí àwọn tí ń fọ́ òkúta sí ọ̀nà tuntun tí ìjọba ń là láti Ṣàngó lọ sí Òkè-Oyì. Ọmọ Ìlọrin ni mí. Ibi iṣẹ́ rélùwéè ni mo ti kọ́ ìwé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọwọ́ ara mi kọ èyí láìbẹ akọ̀wé. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Wọ́n mú arúgbó obìnrin kan, wọ́n tì í mọ́ inú yàrá tí a ń kó ṣọ́bìrì sí, nítorí pé ó kí wa kú iṣẹ́. Mo tún un kọ kí ẹ má baà rò pé ọwọ́ mi ló ṣì: ó kí wa kú iṣẹ́, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ẹnu yà mí lọ́jọ́ náà, títí di òní ẹnu ọ̀hún kò tíì padé.

N kò kọ̀wé láti ba òyìnbó tí ń bójú tó iṣẹ́ náà, ẹni tí a ń pè ní Ọ̀gá, jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ènìyàn rere ni. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá a ń rí oúnjẹ jẹ. Ó gba obìnrin kan tí yóò máa se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wa, ó ní kí wọ́n máa fi ẹran sí i, ó tún ṣe àtíbàbà kí oòrùn má baà máa pa wá. Inú wa dùn. Ọ̀kan nínú wa wà tó ń jẹ́ Jímọ́ọ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó jẹun yó lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ pa ikùn, ó ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe tí ọmọdé pàápàá mọ̀ ni. Ọ̀gá gbọ́ tí a rẹ́rìn-ín, ó sì bi ògbufọ̀ rẹ̀ léèrè ohun tí Jímọ́ọ̀ wí.

Danjuma ni ògbufọ̀ náà. Láti Zungeru ni ó ti bá Ọ̀gá wá, Haúsá sì ni èdè ìyá rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ nílùú yìí, etí rẹ̀ kò sì tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú Yorùbá. Ó sọ fún Ọ̀gá pé Jímọ́ọ̀ ní bí ebi bá kúrò nínú iṣẹ́, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀gá fò sókè. Ó ní àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú òun ti ń kọ ìwé tó nípọn lórí ohun tí ń mú ènìyàn ṣiṣẹ́, wọn kò tíì fẹnu kò, afọ́kúta kan ní Ìlọrin sì ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pákó, kí wọ́n kàn án mọ́ igi níbi iṣẹ́. Wọn kò fi àmì kankan sí orí ọ̀rọ̀ náà. Bí òwe ìṣẹ́ ṣe di òfin iṣẹ́ nìyẹn.

Jímọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó mú Danjuma sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ìyà àti àìní ni òun ń wí, kì í ṣe òkúta fífọ́, nítorí òkúta wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tó tó ti ọdún kan. Ojú ti Danjuma. Kò lè lọ bá Ọ̀gá pé kí ó yọ pákó tó ti kàn mọ́gi, ṣùgbọ́n ó pinnu pé òun kò ní ṣì í gbọ́ mọ́ láé. Láti ìgbà náà, níbikíbi tí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ìṣẹ́ ló gbà pé ó jẹ́. Èyí tó jẹ́ ìṣẹ́, ó ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Ó wá kù kí ó sọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ di ìṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀nà tí a ń ṣe yìí ni àwọn tí ń lọ sóko ń gbà. Kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í kí wa kú iṣẹ́. A ó gbé orí sókè, a ó dáhùn, òòlù á sì tún fúyẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá ṣàkíyèsí èyí, ó sì bi Danjuma pé kí ni wọ́n ń sọ fún wa. Danjuma ronú, ó ní kú ni ohun tí òkú ṣe, ìṣẹ́ sì ni òṣì. Nítorí náà, wọ́n ń wí pé kí a kú sínú òṣì. Ojú Ọ̀gá pọ́n. Ó ní àwọn ìyá arúgbó ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà láràárọ̀, wọ́n ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ, àwa náà sì ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé! Ó ní irú ènìyàn wo ni wá? Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú ọ̀nà ìjọba mọ́, àti pé òṣìṣẹ́ tó bá dáhùn, kí wọ́n lé e lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ìkíni ni. Ẹnu Danjuma náà ni ọ̀rọ̀ mi ní láti gbà, òun kò sì fẹ́ kí ojú ti òun lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní mo ń bo àwọn ènìyàn mi ni.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìdákẹ́jẹ́ tó wá lẹ́yìn èyí burú. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kọjá lára ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láìkí i, ọ̀tá ni tàbí olè. Bàbá ọmọ tí Jímọ́ọ̀ fẹ́ fi ṣaya kọjá lọ́jọ́ kan, ó bojú wo òdìkejì nítorí òfin. Jímọ́ọ̀ gbà pé àna òun ti kọ òun, kò lè gbé òòlù mọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń falẹ̀, Ọ̀gá wo pákó, ó ní ebi ló kù, ó fi kún ẹran wa. Iṣẹ́ tún falẹ̀ sí i. Ó fi ẹja kún ẹran. Àwa ń sanra, títì kò gùn sí i.

Nígbà tó ṣe, àwọn kan nínú wa kò wá. Ọ̀gá gun ẹṣin, ó wá wọn lọ. Ó bá wọn nílé Abdulraheem, ẹni tó ń mọ ilé fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹrẹ̀ dé wọn ní orúnkún, ẹ̀rín sì gba ẹnu wọn. Ọ̀gá béèrè iye tí Abdulraheem ń san. Wọ́n ní kò san nǹkan kan. Ó béèrè ohun tó fi ń bọ́ wọn. Wọ́n ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Ó dúró lórí ẹṣin, ó ń wò wọ́n. Ó rí i pé gbogbo ẹni tó kọjá ló kí wọn kú iṣẹ́, ó sì rí i bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Mo rò pé ojú rẹ̀ yóò là níbẹ̀. Ohun tó sọ nígbà tó padà dé ni pé èpè náà ti mú àwọn ọmọ òun níyè.

Èmi kò mọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n yẹn kọ sínú ìwé wọn. Àwọn àgbà tiwa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ti jáde tán, ọ̀rọ̀ mìíràn náà á wọlé wá jókòó, yóò sì fẹ́ kí a dá òun lóhùn. Ẹni tó yó yóò fẹ́ mọ̀ bóyá òun ní ẹni, bóyá wọ́n ka òun kún, bóyá ohun tí òun ń ṣe já mọ́ nǹkan kan lójú ẹlòmíràn. Ẹlẹ́wọ̀n náà ń fọ́ òkúta. Òòlù kan náà la jọ ń lò, wọ́n sì ń fún òun náà lóúnjẹ. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé ẹni tó ń kọjá máa ń dúró kí wa. Nígbà tí wọ́n mú ìyẹn kúrò, a wo ara wa, a kò mọ èyí tí a jẹ́ mọ́.

Mo wá dé orí ìyá náà. Kì í ṣe ẹbí mi. Títí wọ́n fi mú un, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé Hùmúàní ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́gúsí ni a ń pè é, nítorí ẹ̀gúsí tó ń rù bọ̀ láti oko tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ dákun, ẹ má rò pé n kò lẹ́kọ̀ọ́ bí mo ṣe ń pè wọ́n ní "ó". Bí mo bá kọ "wọ́n" fún wọn, ẹ kò ní mọ ẹni tó múni yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n mú.

Oko ni ìyá náà wà nígbà tí wọ́n kéde òfin. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń padà bọ̀ wálé. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́hun á fi alùbáríkà sí i." Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó rò pé a kò gbọ́. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sún mọ́ wa, ó tún kí wa. A ń wo òkúta. Ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá a pàdánù ẹnì kan nínú wa ni. Jímọ́ọ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó dáhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n lé Jímọ́ọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ṣọ́ méjì sì mú ìyá náà lápá.

Ọ̀gá ní òun yóò tú u sílẹ̀ bí ó bá búra pé òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láé. Ìyá náà ní ẹnu òun máa ń sọ ọ́ kí òun tó mọ̀, òun kò sì lè fi Àlùkùránì búra lórí ohun tí òun mọ̀ pé òun yóò tún sọ kí òun tó délé. Ọ̀gá ní kò burú, ó di iwájú adájọ́ Àlùkáálí ní ọjọ́ Àlàmísì. Kò fìyà jẹ ẹ́, mo jẹ́rìí sí i. Ó fún un ní ẹní àti aṣọ ìbora, ó ní kí wọ́n máa gbé ìrẹsì àti ẹran lọ fún un, kí ohunkóhun má ṣe wọ́n ọn. Ohun kan ṣoṣo ló kà léèwọ̀: nítorí èpè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a lóhùn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ fún mi pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò dákẹ́. Ó kí ẹni tó ń gbálẹ̀ níwájú yàrá. Ó kí obìnrin tó gbé oúnjẹ wá. Ó kí káfíńtà tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe, ẹni tí ìró òòlù rẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́. Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ní òun ní láti fi ọwọ́ di ẹnu ara òun.

Lánàá, wọ́n gbà mí láyè kí n wò ó. Ìrẹsì ọjọ́ Sátidé wà níbẹ̀, ti àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Kò dáhùn. Kò sùn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo tún kí i, mo pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wo ẹnu mi bí ẹni pé èdè tí mo ń sọ kò yé e mọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, obìnrin tó kí ògiri ní ọjọ́ Jímọ̀ kò kí mi ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

N kò tọrọ ohunkóhun fún ara mi. Ẹ gba Jímọ́ọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ sì bá wa pa òfin náà rẹ́ nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Ìyẹn lè dúró. Ọ̀rọ̀ ìyá náà ni kò lè dúró. Kò dá mi lójú pé yóò rí ọjọ́ Àlàmísì. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, ẹ rán ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá sí yàrá ṣọ́bìrì náà lónìí yìí, kí ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ẹ bá sì rán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ kí i, kí ó sì dúró dè é títí yóò fi dáhùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á títí débí.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ìdáhùn,
Mọ́rúfù Abdulkadir,
Olórí Àwọn Afọ́kúta, Ọ̀nà Òkè-Oyì.